Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Àjọ Amójútó Iná Mànàmáná ní Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn: Ẹ Fi Dídí Ọ̀nà Ẹranko Sínú Ìlànà

Ẹ̀yin alága, ẹ̀yin kọmíṣọ́nnà àti gbogbo òṣìṣẹ́ àwọn àjọ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná ní ìpínlẹ̀ márààrún,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Oníṣẹ́ iná ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́: mo ń fa wáyà sílé, mo ń to pánẹ́ẹ̀lì fún ilé ìwòsàn, ilé ìtura àti àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, èmi ni wọ́n sì máa ń pè nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn mítà. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí gbangba, tí n kò fi fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹnì kan, ni pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tí ó ń san owó iná, àti pé àsìkò tí ó yẹ kí a sọ ọ́ gan-an la wà yìí. Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti mójú tó iná tí wọ́n ń pín ní agbègbè wọn, NERC tí ó jẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ sì ti gbé iṣẹ́ náà lé yín lọ́wọ́. Ìlànà tí ẹ bá kọ ní àkókò yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná yóò máa tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fi sínú rẹ̀ nìyí: kí wọ́n má ṣe tan iná sí tìráńsífọ́mà tàbí àpótí ìpín-iná tuntun kankan mọ́ títí wọn yóò fi dí gbogbo ọ̀nà tí ẹranko lè gbà dé ibi tí iná wà, àti pé bí ẹranko bá pa iná, kí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ohun èlò náà wá ṣàlàyé ọ̀nà tí ẹranko ọ̀hún gbà wọlé.

Gbogbo wa la ti gbọ́ àwáwí náà rí. Iná á lọ ní òru, àdúgbò á wà lókùnkùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ á wá gbé àkàbà ti òpó, wọ́n á sì ní ejò ló gun orí tìráńsífọ́mà, tàbí ọmọńlé ló kú sáàárín fíúùsì. Ohun tí wọ́n sọ kì í sábà ṣe irọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ibi tí ó yẹ kí ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ó ti ń parí. Bí ọmọńlé bá wà nínú àpótí irin tí ó yẹ kí ó wà ní títì pa, ẹnì kan ló fi ilẹ̀kùn tàbí ojú ihò sílẹ̀ fún un. A lè wá ihò náà rí, a lè wọ̀n ọ́n, a sì lè dí i kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè pé kí ló dé tí ẹyẹ fi ń bà lé wáyà tí nǹkan kan kì í ṣe é. Ẹyẹ tí ó bà lé wáyà kan ṣoṣo kò fún iná ní ọ̀nà láti gba ara rẹ̀ lọ síbòmíràn, nítorí pé orí wáyà kan náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà. Ewu dé nígbà tí ara ẹranko bá kan wáyà méjì pọ̀, tàbí tí ó bá kan wáyà kan pẹ̀lú irin tí ó so mọ́ ilẹ̀. Lórí òpó, wáyà jìnnà síra wọn débi pé ẹyẹ ẹ̀gà kò lè na ìyẹ́ kan méjì, ṣùgbọ́n àdán ńlá àti igún lè ṣe é. Orí tìráńsífọ́mà ni ọ̀rọ̀ ti burú jù. Ibẹ̀ ni wáyà 11kV, ìyẹn ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá fóltì, ti ń sọ̀kalẹ̀ wá sórí búṣìn, ìyẹn ọrùn tánganran tí ó gbé wáyà kúrò lára irin, àlàfo tí ó sì wà láàárín orí búṣìn tí iná wà àti ara tìráńsífọ́mà tí ó so mọ́ ilẹ̀ kò tó gígùn apá ènìyàn. Bí ejò bá gbé orí lé ọ̀kan tí ìrù rẹ̀ sì wà lórí èkejì, ó ti so méjèèjì pọ̀. Iná á gba ara rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìró ńlá, fíúùsì á jó tàbí kí bíréká já ní ibùdó, gbogbo ilé tí ó wà lórí fídà yẹn, ìyẹn ìlà tí ó ń gbé iná wá láti ibùdó, á sì ṣókùnkùn títí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi rin abẹ́ wáyà láti òpó dé òpó láti wá ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé iwájú àpótí kan tí irú rẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Àpótí irin aláwọ̀ eérú ni, ó dúró sórí kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìráńsífọ́mà. Òun ni àwa oníṣẹ́ iná ń pè ní fídà pílà, inú rẹ̀ ni kébù láti tìráńsífọ́mà ti ń wọlé, ibẹ̀ náà ni iná ti ń pín lọ sí òpó òpópónà kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi so ó. Nísàlẹ̀, ihò tí wọ́n gé fún kébù fẹ̀ ju kébù lọ ní ìlọ́po méjì. Ẹnì kan ti ki àpò sìmẹ́ńtì bọ ibẹ̀, eku sì ti fà á ya. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ibi tí fíúùsì wà, ẹ ó rí ẹyin ọmọńlé, funfun, kéékèèké, méjì méjì, tí ó lẹ̀ mọ́ ara irin. Ẹ ó rí ìgbẹ́ rẹ̀, dúdú tí ẹnu rẹ̀ funfun, lórí bọ́síbà, ìyẹn irin tí iná ti ń pín nínú àpótí, ẹ ó sì rí ojú èédú kan lára àpótí náà níbi tí ọmọńlé tí ó ṣáájú ti jóná. Wọ́n ti yọ òkú ìyẹn, wọ́n ti fi wáyà kọ́pà lásán rọ́pò fíúùsì tí ó jó, wọ́n sì ti bá tiwọn lọ. Ihò kò kúrò níbẹ̀. Ẹyin tí ó wà lẹ́yìn fíúùsì yóò sì pa láìpẹ́.

Kò sí ẹranko tí iná wù. Ooru, òkùnkùn, ibi ìsádi àti oúnjẹ ni wọ́n ń wá, ibùdó iná tí a kò tọ́jú sì ní gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá fi gílóòbù funfun sí òkè ilẹ̀kùn yàrá switch, kòkòrò á wá bá ìmọ́lẹ̀, ọmọńlé àti ọ̀pọ̀lọ́ á wá bá kòkòrò, ejò á sì wá bá ọmọńlé àti ọ̀pọ̀lọ́. Koríko tí ó ga dé orókùn nínú ọgbà tìráńsífọ́mà ń fi ejò àti eku pamọ́ títí wọn yóò fi dé ìdí irin. Ẹ̀ka igi máńgòrò tí ó yọ sórí wáyà ni ọ̀nà tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbà. Ní àwọn ìlú wa, ohun mìíràn tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi bò. Abẹ́ tìráńsífọ́mà ni àwọn kan ti ń dín àkàrà, tí wọ́n ti ń sun àgbàdo, tí wọ́n ti ń gé ẹran tà, nítorí pé ibẹ̀ ṣófo, ó sì wà lójú títì. Àjẹkù wọn ń pe eku, eku ń pe ológbò àti ejò. Ewúrẹ́ a máa gba ojú ọgbà tí ó ya wọlé lọ sùn lábẹ́ òjìji, ọmọdé a sì máa tẹ̀ lé e wọlé láti lé e jáde. Mi ò sọ èyí kí wọ́n lè fi kòbókò lé àwọn ìyá wa kúrò nídìí ọjà wọn. Epo ló wà nínú tìráńsífọ́mà, bí ó bá sì bú, orí wọn ni yóò kọ́kọ́ dà lé. Nítorí náà, àwọn gan-an ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbà là, kí ìjọba ìbílẹ̀ bá wọn wá àyè mìíràn tí oníbàárà yóò ti máa rí wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òpópónà kan lásán ni mo ń sọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2016, ọ̀bọ kan gun òrùlé ibùdó iná Gitaru tí ó wà lórí odò Tana ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ó sì já bọ́ sórí tìráńsífọ́mà kan. Tìráńsífọ́mà náà kú, ẹrù rẹ̀ bọ́ sí ọrùn àwọn ẹ̀rọ tó kù, àwọn náà sì já lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mẹ́gáwáàtì tí ó lé ní 180 fi pòórá, tí gbogbo Kẹ́ńyà sì wà lókùnkùn fún wákàtí tí ó lé ní mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ KenGen tí ó ni ibùdó náà ní wáyà oníná ni àwọn fi ṣọgbà yí ibùdó àwọn ká. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọgbà nìkan kò tó: bí orí búṣìn bá wà níhòòhò, ẹranko tí ó gba òkè wá yóò bá a níhòòhò. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Sri Lanka, níbi tí mínísítà tí ó ń mójú tó iná ti sọ pé ọ̀bọ kan ló fara kan tìráńsífọ́mà ní ibùdó Panadura, tí iná fi lọ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà.

Ti Japan ni ó máa ń ká mi lára jù. Lẹ́yìn tí omi òkun ti ba ibùdó iná átọ́míìkì Fukushima Daiichi jẹ́ ní ọdún 2011, àpótí ìpín-iná onígbà díẹ̀ tí wọ́n gbé sórí ọkọ̀ akẹ́rù wà lára ohun tí ó ń gbé ẹ̀rọ tí ń mú omi tutù ní àwọn adágún tí wọ́n kó epo átọ́míìkì tí wọ́n ti lò sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2013, eku kan wọ inú àpótí náà, ó so iná pọ̀, ẹ̀rọ ìtutù adágún mélòó kan sì dúró fún ohun tí ó ju ọjọ́ kan lọ. Níbi tí gbogbo ayé ti ń wò, tí owó kò ti jẹ́ ìṣòro, ohun onígbà díẹ̀ ti pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó dí ojú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń fi nẹ́ẹ̀tì wáyà sí ibẹ̀ kí eku má baà wọlé mọ́, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tún pa iná, ẹ̀rọ ìtutù adágún kan sì tún dúró. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń kọ ìlànà: ọjọ́ tí wọ́n ń to ohun èlò, kí iná tó wọ inú rẹ̀, ni dídí ihò rọrùn jù, tí ó sì dín ewu kù jù. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi kí wọ́n pa iná kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Nǹkan tí ìlànà yín lè béèrè kò ṣòro, ẹ kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo; láti ọdún 1993 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iná tí wọ́n ń pè ní IEEE ti ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1264 lórí dídènà ẹranko ní ibùdó iná. Ẹ kọ́kọ́ wo àmì IP tí ó máa ń wà lára àpótí iná, èyí tí ń sọ bí àpótí náà ṣe dí tó. Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn IP bá jẹ́ 2, ìka ènìyàn kò lè dé ibi tí iná wà, nítorí pé ohun tí ó bá nípọn tó mìlímítà 12.5 kò lè kọjá. Bí ó bá jẹ́ 3, mìlímítà 2.5 ni, bí ó bá jẹ́ 4, mìlímítà 1. Ihò tí ìka kò lè wọ̀, ọmọ ọmọńlé yóò wọ̀ ọ́ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, nítorí náà kò yẹ kí ẹ gba ohun tí ó kéré sí 4 fún àpótí tuntun tí yóò dúró níta. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àmì náà tàn yín. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fi dísìkì gé ihò fún kébù lára àpótí, tí kò sì fi gílándì, ìyẹn òrùka tí ń fún mọ́ kébù lójú ihò, tí ó bá kébù mu dí i, ni nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i ní ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti di asán. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi gbọdọ̀ wáyé ní ojú iṣẹ́, lẹ́yìn tí gbogbo kébù bá ti wọlé. NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń yẹ iṣẹ́ iná wò kí wọ́n tó tan án, ní àwọn olùyẹ̀wò tí wọ́n lè bá yín ṣe é, bí ẹ bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí kébù kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a fi ń dí ihò náà ṣe kókó. Fóòmù lásán kò lè dá eku dúró, yóò jẹ ẹ́ kọjá. Nẹ́ẹ̀tì irin ló yẹ kó wà nísàlẹ̀, kí ohun tí a fi dí i tí kò lè gbiná wà lórí rẹ̀. Ihò atẹ́gùn kò ṣeé dí pa, nítorí pé ooru inú àpótí gbọ́dọ̀ jáde, nẹ́ẹ̀tì irin oníhò wẹ́wẹ́ ni ó yẹ ẹ́, kí wọ́n sì máa gbọn eruku rẹ̀. Lórí tìráńsífọ́mà 11kV àti 33kV, ìdérí wà tí wọ́n ṣe fún orí búṣìn, wáyà tí a bò náà sì wà tí a lè lò láti ìdí fíúùsì òkè dé orí búṣìn. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò wọn, nítorí pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti gé rọ́bà omi tí wọ́n fi wọ wáyà. Oòrùn á là á, omi òjò á dúró sínú rẹ̀, òun náà á sì di ọ̀nà iná. Kí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ilẹ̀ ibùdó dípò koríko, kí wọ́n gbé ìmọ́lẹ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì máa gé ẹ̀ka igi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi májèlé rọ́pò iṣẹ́ yìí. Eku tí ó jẹ májèlé yóò lọ kú sínú kòtò kébù, òórùn rẹ̀ yóò pe eṣinṣin, eṣinṣin yóò tún pe ọmọńlé. Òwìwí àti ológbò tí wọ́n ń bá wa dín eku kù yóò jẹ òkú rẹ̀, àwọn náà yóò sì kú.

Mo tún ní láti sọ̀rọ̀ lórí igún. Àwọn baba wa sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, síbẹ̀ igún tí a mọ̀ ní ilé pípa ẹran, láti ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tí ń dáàbò bo ẹ̀dá, ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó wà ní bèbè ìparun, iná orí òpó sì wà lára ohun tí ń pa á. Ní Sudan, ìlà iná kan nítòsí Port Sudan, tí wọ́n fà ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1959, pa irú igún mìíràn lọ́pọ̀ yanturu fún ẹ̀wádún mélòó kan kí wọ́n tó pa á tì ní ọdún 2014. Orí òpó irin tí apá rẹ̀ sún mọ́ wáyà ni ó ti ń pa wọ́n. Òpó bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pípa ẹran àti ibi ìdàlẹ̀sí, níbi tí ẹyẹ ńlá ti ń bà. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ bo wáyà.

Ní ti owó, ẹ ó gbọ́ pé ó pọ̀. Kí wọ́n fi wé iye tí àìṣe é ń ná wa. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn tí wọ́n kà sí Band A, ìyẹn ìpele oníbàárà tí ó yẹ kí ó máa rí iná jù, ti gòkè, lórí ìlérí pé wọn yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, ó kéré tán. Ọmọńlé kan tó láti jẹ wákàtí wọ̀nyẹn run. Àwọn tí kò sí ní Band A ni ìyà rẹ̀ sì ń jẹ jù. Ní àdúgbò kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn tí ejò ti ba tìráńsífọ́mà jẹ́, àwọn onílé àti ayálégbé ló dá owó tí wọ́n fi tún un ṣe, ìyá arúgbó tí ń ta ẹ̀fọ́ mú tirẹ̀ wá nínú nọ́ọ́tì tí ó ti rún, nígbà tí wọ́n sì gbé tìráńsífọ́mà náà padà, ìhòòhò ni orí búṣìn rẹ̀ tún wà. N kò rí ẹni tí ó béèrè. Ẹ̀yin ni òfin fún lágbára láti béèrè.

Ìyẹn ló mú mi dé orí àkọsílẹ̀. Nígbàkígbà tí ilé-iṣẹ́ bá sọ pé ẹranko ló pa iná, ẹ ní kí wọ́n kọ irú ẹranko náà sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti bá a lára ohun èlò, ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n dí ọ̀nà náà, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ní ojú kan náà, kí wọ́n má kà á sí àmúwá Ọlọ́run mọ́; àìtọ́jú ni, kí wọ́n sì san ohun tí ìlànà bá ní kí wọ́n san fún àwọn oníbàárà tí iná wọn lọ.

Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, omi yóò lé ejò jáde nínú ihò wọn, kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ yóò sì kún ara gílóòbù ní alaalẹ́. Mo ń bẹ̀ yín pé kí àkókò yẹn tó dé, kí ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi orúkọ gbogbo àpótí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì tàbí tí ìdí kébù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn yóò tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe, kí ẹ sì gbé e síta kí àwọn ará àdúgbò lè rí ti àdúgbò wọn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ń gbé iná lọ sí ilé ìwòsàn àti ibùdó omi ẹ̀rọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwa oníṣẹ́ iná bá yín fi ojú ihò náà hàn láti òpópónà dé òpópónà, ẹ kàn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó wá.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Oníṣẹ́ iná kan,
Ìbàdàn.